Elùbọ́ Ọ̀gẹ̀dẹ̀ Tó Bu Tí Mo Gbé Fún Àwọn Ìyá Ọlọ́mọ

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ má bi mí ní orúkọ ìdílé ọkọ mi. Tíṣà ni ọkọ mi, àwọn ọmọ tó ń kọ́ sì ń ka ìwé ìròyìn yìí. Ẹ máa pè mí ní Ábígáílì, ìyẹn náà tó. Ìkẹ́rẹ́ ni mò ń gbé. Àwọn ará Ìkẹ́rẹ́ kan ti mọ ọ̀rọ̀ mi. Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ ọ́n ni mò ń bá sọ̀rọ̀, torí kò sí ìlú tí wọn kì í ti í sá nǹkan sóòrùn.

Ní ọdún tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, èmi àti Ràbíátù, ìyá Làmídì, la jọ ń ṣe elùbọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ẹgbẹ́ ni wá. Onígbàgbọ́ ni mí, Mùsùlùmí ni òun, ògiri kan ló sì là wá láàárín. Òun ló kọ́ mi níṣẹ́ náà.

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tí kò tíì pọ́n la ń lò. A ó bó o, a ó rẹ́ ẹ wẹ́wẹ́, a ó sá a sórí àpáta tó wà lẹ́yìnkùlé wa, títí tí yóò fi máa dún kẹ́ bí a bá ṣẹ́ ẹ. Lẹ́yìn ìyẹn la ó gún un, tí a ó sì kù ú. Àwọn abiyamọ ló ń rà á jù, torí ẹ̀kọ tí wọ́n bá fi rò máa ń bá ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ oúnjẹ lára mu.

Ràbíátù ní òfin kan. Èyí tó bá ti bu, bó jẹ́ wẹ́wẹ́ kan péré, kò gbọdọ̀ dé inú odó. Kì í tilẹ̀ gbà kí n dà á fún ewúrẹ́. Ilẹ̀ ló máa ń gbẹ́ sin ín.

Mo bi í léèrè lọ́jọ́ kan pé, "Ìyá Làmídì, ṣé òkú ni?"

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìyá Fẹ́mi, elùbọ́ kì í sọ̀rọ̀. Bí a bá ti gún un tán, èmi àtìwọ nìkan la mọ ohun tó wà nínú rẹ̀."

Nígbà tí òjò àrọ̀kúrò bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, wọ́n ránṣẹ́ pè é láti Ògòtún. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, Sàúdátù, ń ṣàìsàn. Ó di ẹrù rẹ̀ wéré. Kí ó tó wọ ọkọ̀, ó yà sọ́dọ̀ mi.

"Má sá nǹkan kan kí n tó dé o. Òjò yìí kò ṣeé fọkàn tán. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè, sọ fún un pé kó dúró."

Mo ní, "Má ṣèyọnu. Lọ tọ́jú àbúrò rẹ."

Kò pẹ́ tó lọ ni Nọ́ọ̀sì Dèbórà, tó ń ṣe olórí mátánítì wa, wá sílé mi fúnra rẹ̀. Ọmọbìnrin náà kò tó mi lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n gbogbo wa là ń fi ẹ̀yin pè é. Bí mo ṣe rí i tó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú aṣọ funfun rẹ̀, mo gbé àga kalẹ̀, mo nù ún, mo tún un nù.

Ó ní, "Ìyá Fẹ́mi, ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, àwọn ìyá ọlọ́mọ láti inú ìlú àti láti oko ń bọ̀ wá wọn ọmọ wọn. Mo fẹ́ fi bí a ṣe ń ro ẹ̀kọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ hàn wọ́n, kí n sì fún oníkálukú ní díẹ̀ mú lọ sílé. Elùbọ́ yín ni mo fẹ́. Bó bá dára, ọ̀dọ̀ yín ni mátánítì yóò ti máa rà á. Ṣé ẹ lè ṣe é?"

Ó yẹ kí n sọ pé, "Ẹ jẹ́ kí ìyá Làmídì dé." Ó wà lórí ahọ́n mi.

Ṣùgbọ́n nǹkan kan ń rìn nínú mi. Ní gbogbo ọjà Ìkẹ́rẹ́, "elùbọ́ ìyá Làmídì" ni wọ́n ń pè é. Kò sẹ́ni tó pè é ní tèmi rí. Ọwọ́ mi ló ń bó o, apá mi ló ń gún un, orúkọ rẹ̀ ló ń jẹ́. Wàyí, Nọ́ọ̀sì fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá sọ́dọ̀ mi.

Mo ní, "Mo lè ṣe é, Nọ́ọ̀sì. Èmi fúnra mi ni n ó ṣe é."

Mo kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ jọ láti oko kòkó. Mo bó o, mo rẹ́ ẹ, mo sá a. Oòrùn ràn ní òwúrọ̀ ọjọ́ kìíní, inú mi dùn. Nígbà tó di ọ̀sán, orí òkè Olósùnta ṣú. Kí n tó gbé apẹ̀rẹ̀ jáde, òjò ti dé. Mo sáré kó èyí tí mo rí kó. Gbogbo rẹ̀ ti tutù.

Bẹ́ẹ̀ ni ọjọ́ kejì. Oòrùn á yọjú, n ó kó o jáde. Ojú ọ̀run á ṣú, n ó sáré kó o wọlé. Mi ò lè jókòó, mi ò lè jẹun. Bí mo bá gbọ́ kí ewé mì, n ó ti wà lẹ́yìnkùlé. Fẹ́mi ọmọ mi ní kí n wá wo síléètì òun, mo ní kó dákẹ́, mò ń wo ọ̀run.

Nígbà tó yá, mo kó gbogbo rẹ̀ sínú yàrá, mo tẹ́ ẹ sórí ẹní, mo sì da aṣọ bò ó. Òjò rọ̀ láìdá. Nígbà tí mo ṣí aṣọ náà, òórùn kan kọ lù mí nímú, bí òórùn inú àpótí tí wọ́n ti tì pa láti ọjọ́ pípẹ́. Irun wẹ́wẹ́ ti hù lórí ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà. Òmíràn funfun, òmíràn dà bí ewé, òmíràn dúdú bí èéfín. Ó ti bu. Kì í ṣe wẹ́wẹ́ kan tàbí méjì. Èyí tó bu ju èyí tó dára lọ.

Mo jókòó tì í. Mo dìde. Mo tún jókòó.

Ìyá Bọ́dúndé, arúgbó tó wà lójúde kejì, ni wọ́n gbóòórùn rẹ̀ tí wọ́n fi yọjú wọlé.

Wọ́n ní, "Kí ló ń rùn ní ulé rẹ?"

Mo fi hàn wọ́n.

"Ìyẹn lo ṣe ń mì bí ewé? Fi ọ̀bẹ ha á. Gbé e lé orí uná. Uná á pa gbogbo ẹ̀."

"Àwọn ọmọ kéékèèké ni yóò jẹ ẹ́ o, màmá."

"Àwa náà jẹ ẹ́ nígbà ìyàn. Ṣé a kú ni?"

Wọ́n jáde. Mo mọ̀ pé arúgbó náà kò fi ibi bá mi sọ̀rọ̀. Ohun tí wọ́n mọ̀ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n èmi ti mọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ti rí ihò tí Ràbíátù ń gbẹ́.

Mo mú ọ̀bẹ. Mo ha á. Mo fi omi ṣan án, mo fi ọsàn wẹ́wẹ́ ra á kí òórùn rẹ̀ lè lọ. Mo tẹ́ ẹ sórí àjà, mo dáná sábẹ́ rẹ̀. Èéfín gba gbogbo ilé. Ọkọ mi, Akíndélé, ń kọ́ni ní Emùré nígbà náà, òpin ọ̀sẹ̀ ló máa ń wálé. Bó ṣe wọlé ló fi ọwọ́ bo imú.

"Ábígáílì, kí lò ń sun?"

"Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni mò ń yan gbẹ. Òjò kò jẹ́ kí n rí oòrùn."

"Òórùn mìíràn wà níbẹ̀ yàtọ̀ sí èéfín."

"Òrùlé ló ń jò. Ògiri ló ń rùn."

Ó gbójú sókè wo òrùlé. Ó ní òun yóò bá mi tún un ṣe. Mo sì jẹ́ kó gun àkàbà lọ wá ibi tí kò jò.

Mo gún ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà. Mo kó ìwọ̀nba tó dára mọ́ ọn kí àwọ̀ rẹ̀ lè mọ́ díẹ̀. Mo kù ú lákùútúnkù. Nígbà tí mo parí, mo bu díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, mo gbé e síwájú oòrùn. Elùbọ́ ni. Kò sẹ́ni tí yóò wò ó tí yóò sọ pé kì í ṣe elùbọ́.

Fẹ́mi ní, "Màámi, ẹ fún mi ní ẹ̀kọ rẹ̀."

Mo ní, "Ìyẹn kì í ṣe tìẹ. Lọ jẹ iṣu tó wà nínú ìkòkò."

Ẹ̀yin òǹkàwé, ibẹ̀ ni mo ti mọ ohun tí mò ń ṣe. Ẹnu mi ti dájọ́ fún mi kí ẹnikẹ́ni tó dá a.

Ní Ọjọ́bọ̀, mátánítì kún. Àwọn ìyá jókòó sórí bẹ́ǹṣì, àwọn mìíràn jókòó sílẹ̀, ọmọ ń ké lọ́tùn-ún lósì. Nọ́ọ̀sì Dèbórà ro ẹ̀kọ náà lójú wọn. Ó ní, "Ẹ wá wo ìyá Fẹ́mi. Obìnrin yìí ló ṣe elùbọ́ tí ẹ ń wò yìí." Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Mo tẹríba. Ìdùnnú yẹn ni mo fẹ́, mo sì rí i gbà, ṣùgbọ́n kò lọ sísàlẹ̀ ikùn mi.

Obìnrin kan tó ń jẹ́ Jẹ́jẹ́, tó wá láti oko, gbé ọmọbìnrin rẹ̀ sún mọ́ mi. Ara ọmọ náà gbóná, ó ti tín-ín-rín.

Ó bi mí pé, "Ṣé èyí náà lè jẹ ẹ́, àǹtí? Kò jẹun dáadáa láti bí ọ̀sẹ̀ díẹ̀."

Mo wo ọmọ náà. Mo ní, "Bi Nọ́ọ̀sì."

Ìyẹn ni ìdáhùn tí mo fún un. Bi Nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì sì ní kó fún un díẹ̀díẹ̀, torí òun kò mọ ohun tí mo mọ̀.

Ọjọ́ kejì ni Ràbíátù dé. Mo ti odò bọ̀, mo bá a nínú ilé ìdáná mi. Àbúrò rẹ̀ ti kú. Ọmọ tí olóògbé náà fi sílẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀, Ìdírísù, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìjókòó. Ojú Ràbíátù ti wú fún ẹkún, imú rẹ̀ sì ti dí. Ó gbé igbá elùbọ́ mi lé itan, ó ti ṣí i, ó sì ti bu elùbọ́ tó ṣẹ́kù sínú àwo rẹ̀.

Ó ní, "Ìyá Fẹ́mi, mo gbọ́ ní gáréèjì pé o ṣe é fún mátánítì láìsí mi. O ṣeun. Mo rò pé n ó dé bá ìyà. Ọmọ yìí kò gba ọmú obìnrin mìíràn. Ẹ̀kọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni n ó fi tọ́ ọ."

Mo ní, "Ìyá Làmídì, o kú ìrìn. O kú ọ̀fọ̀."

Ó sunkún díẹ̀. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Mò ń wo àwo náà.

Gbólóhùn kan péré ni mo nílò. Má fún un jẹ. Bí mo bá sọ ọ́, yóò bi mí pé kí ló dé. Bí mo bá sọ pé ó bu, yóò bi mí pé kí ni mo wá gbé fún mátánítì. Mò ń ronú bí mo ṣe lè sọ ọ́ láì sọ ọ́, ó ti dìde, ó ti gbọn aṣọ rẹ̀, ó ti ń lọ pẹ̀lú àwo náà lábẹ́ ìborùn.

Gbogbo ọjọ́ náà ni mo fi ń rìn. Mo dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, mo gbọ́ tó ń kọrin fún ọmọ náà, mo padà. Mo tún lọ, mo ní iyọ̀ ni mo wá tọrọ. Ó fún mi ní iyọ̀. Ìkòkò ẹ̀kọ wà lórí iná. Mo gba iyọ̀ mi, mo padà sílé.

Kò pẹ́ tí ìròyìn fi bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Ọmọ lágbájá ń bì. Ọmọ lágbájá ń yàgbẹ́ láìdá. Nọ́ọ̀sì ránṣẹ́ pè mí. Wolé-wolé ti wà lọ́dọ̀ rẹ̀ nígbà tí mo débẹ̀, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Joseph, pẹ̀lú ṣòkòtò péńpé rẹ̀ àti fìlà líle. Wọ́n da elùbọ́ tó kù sórí tábìlì. Ó ti ń dì mọ́ra, òórùn tí mo fi èéfín bò ti jáde.

Nọ́ọ̀sì ní, "Ìyá Fẹ́mi, ta ló sá ọ̀gẹ̀dẹ̀ yìí?"

Ẹ gbọ́ ohun tí ẹnu mi sọ. "Ìyá Làmídì ni. Ó ti sá a kó tó lọ sí Ògòtún. Èmi kàn gún un ni."

"Ẹ̀yin lẹ sọ fún mi pé ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa ṣe é."

"Gígún rẹ̀ ni mo ní lọ́kàn, Nọ́ọ̀sì."

Joseph kọ ọ́ sílẹ̀. Kí n tó délé, ọ̀rọ̀ mi ti ṣáájú mi. Àwọn obìnrin ti ń sọ lẹ́nu kànga pé elùbọ́ ìyá Làmídì ló ń pa ọmọ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n pe gbogbo wa sí mátánítì. Àwọn ìyá kan ti wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọmọ wọn. Ràbíátù ni ó dé kẹ́yìn. Sísáré ni ó sáré wọlé, kò tilẹ̀ mọ̀ pé wọ́n ń pe òun. Ìdírísù ló gbé wá. Ojú ọmọ náà ti jìn, àwùjẹ̀ rẹ̀ ti wọlé, kò lágbára láti ké.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ gbà mí! Gbogbo ohun tí mo fún un ló ń bì!"

Nọ́ọ̀sì gba ọmọ náà lọ́wọ́ rẹ̀ kíákíá. Obìnrin kan kígbe láti ẹ̀yìn pé, "Ó ti dé ilé tirẹ̀ náà! Ẹni tó sá ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó bu, tó ní ká fún ọmọ wa!"

Ràbíátù yíjú padà. "Èmi? Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wo?"

Wọ́n sọ fún un. Gbogbo wọn ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n sọ ohun tí mo sọ.

Ó yí ojú sí mi. Mo rò pé yóò pariwo pé irọ́ ni, pé Ògòtún ni òun wà. Ì bá sàn fún mi. Ó wò mí, ó rí i pé mò ń gbọ̀n, ó sì rò pé wọ́n ń fi ìyà jẹ mí ni. Ó wá dúró sí ẹ̀gbẹ́ mi.

Ó ní, "Bó jẹ́ èmi ló sá a, bó jẹ́ òun ló sá a, ọwọ́ kan náà ni. Obìnrin yìí kò ní gún ohun tó bu láé, mo mọ̀ ọ́n. Nǹkan mìíràn ló ń ṣe àwọn ọmọ yìí. Níbo ni ẹ̀kọ náà wà? Ẹ gbé e wá. Èmi tí mo ni iṣẹ́ náà ni n ó kọ́kọ́ jẹ ẹ́ lójú gbogbo yín."

Àwo ẹ̀kọ tí Nọ́ọ̀sì rò fún àyẹ̀wò wà lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ elùbọ́. Ràbíátù na ọwọ́, ó fi ìka mẹ́ta gbá a jọ, ó gbé e sókè.

Nọ́ọ̀sì ní, "Ẹ dúró ná, ìyá Làmídì," ṣùgbọ́n ọmọ wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò lè dá a dúró.

Mi ò mọ ìgbà tí mo dé ibẹ̀. Mo gbá ọwọ́ rẹ̀. Ẹ̀kọ náà fọ́n sára ògiri.

Mo kígbe, "Má jẹ ẹ́! Ó bu! Ó bu, mo mọ̀!"

Àwọn ìyá fa ọmọ wọn mọ́ra.

Ràbíátù ní, "O mọ̀?"

"Mo mọ̀."

"Nígbà wo lo ti mọ̀?"

Ojú mi lọ sára ògiri tí ẹ̀kọ náà fọ́n sí.

"Ṣé o ti mọ̀ nígbà tí mo bu ú nílé rẹ, tí o ń wò mí?"

Mo wólẹ̀. Mo di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Ó yọ ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń yọ ẹsẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Kò gbá mi. Kò ṣépè. Ó padà lọ dúró ti ọmọ rẹ̀.

Mátánítì kò lè tọ́jú Ìdírísù mọ́, wọ́n ní àfi kí a gbé e dé ilé ìwòsàn ní Adó. Ọkọ̀ akẹ́rù kan tó ń kó igi ló gbà wá. Èmi náà wọ inú rẹ̀, Ràbíátù kò sì lé mi sọ̀kalẹ̀. Mo jókòó sórí igi, ó jókòó sí iwájú mi, ó sì kọ ẹ̀yìn sí mi. Ní gbogbo ọ̀nà, ó ń fi etí sí imú ọmọ náà láti mọ̀ bóyá ó ń mí. Bó bá ti gbé etí rẹ̀ sí i, èmi náà á dá èémí mi dúró.

Ọmọ náà yè, ẹ bá mi dúpẹ́. Ó pẹ́ ní ilé ìwòsàn, ó sì padà wá ní egungun lásán, ṣùgbọ́n ó yè. Àwọn ọmọ yòókù náà gbádùn, àfi ọ̀kan.

Ọmọ Jẹ́jẹ́ kò yè.

Mo bi Nọ́ọ̀sì pé ṣé èmi ni mo pa á. Ó ní ara ọmọ náà ti gbóná kó tó jẹ ẹ̀kọ náà, pé ibà lè ti wà nínú rẹ̀, pé kò sẹ́ni tó lè sọ. "Èmi náà ni mo ní kó fún un," ó wí, ojú rẹ̀ sì pọ́n. Mo lọ sí oko lọ́dọ̀ Jẹ́jẹ́. Mo sọ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó ń bó ẹ̀gẹ́ nígbà tí mò ń sọ̀rọ̀, kò dá ọ̀bẹ dúró. Nígbà tí mo parí, ó ní, "Mo bi ọ́ léèrè." Ó mú ẹ̀gẹ́ mìíràn. Mo rìn padà sílé nínú òjò.

Wolé-wolé sun elùbọ́ náà, ó sì ní mi ò gbọdọ̀ ta oúnjẹ ní Ìkẹ́rẹ́ mọ́. Ọkọ mi dé láti Emùré, ó ti gbọ́ lójú ọ̀nà. Ó jókòó, kò bọ́ bàtà.

Ó ní, "Òrùlé tí o ní kí n lọ tún ṣe ńkọ́?"

Mo ní, "Kò jò."

Ó dìde, ó lọ sẹ́yìnkùlé, ó dúró sórí àpáta títí ilẹ̀ fi ṣú. Kò lé mi. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, bí mo bá sọ fún un pé òjò ń rọ̀, yóò kọ́kọ́ yọjú wò ó.

Nọ́ọ̀sì ní kí n wá sí mátánítì ní ọjọ́ ìwọ̀n ọmọ, kí n dúró lójú àwọn ìyá, kí n sọ ohun tí mo ṣe. Mo ṣe é. Lẹ́yìn mi, òun náà sọ̀rọ̀. Ó ní ohun tó bá ti bu, irun orí rẹ̀ nìkan lojú ń rí, gbòǹgbò rẹ̀ ti wọ inú. Ó ní fífọ̀ kò yọ ọ́, híha kò yọ ọ́, májèlé tó ti sọ sínú oúnjẹ náà kì í bá omi gbígbóná lọ. Ó ní omi tí mo fi ṣan án tún fi àìsàn mìíràn kún un. Ìyá Bọ́dúndé wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Wọ́n fọwọ́ lérán.

Ẹ̀yin tí ẹ ń sá ọ̀gẹ̀dẹ̀, tí ẹ ń sá ata, tí ẹ ń sá ilá, ẹ jọ̀wọ́. Bí òjò bá bà á jẹ́, ẹ jẹ́ kó bàjẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹ má jẹ́ kó dé ẹnu ọmọ ẹnikẹ́ni. Ìtìjú pé ẹ kò rí i ṣe, ọjọ́ kan ni.

Iyọ̀ àti ìṣáná ni mò ń tà báyìí, nítorí wọn kì í bu. Ràbíátù ti dárí jì mí. Òun fúnra rẹ̀ ló wá sọ ọ́ fún mi lẹ́yìn ààwẹ̀ wọn, ó ní òun ti fi í sílẹ̀ fún Ọlọ́run. A ń kí ara wa. Ó ra iyọ̀ lọ́wọ́ mi.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mò ń se àgbàdo lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ fún àwọn ará ilé mi. Ìdírísù ti ń rìn, ó ti ń sáré. Ó sáré wá sọ́dọ̀ mi, ó na ọwọ́ méjèèjì. Mo yan ọ̀kan tó rọ̀, mo fẹ́ atẹ́gùn sí i kó tutù, mo fún un. Ó rẹ́rìn-ín sí mi.

Ràbíátù jáde láti inú ilé rẹ̀. Ó kí mi, "Ẹ kúuṣẹ́ o, ìyá Fẹ́mi." Ó bẹ̀rẹ̀, ó gba àgbàdo náà lọ́wọ́ ọmọ kó tó fi kan ẹnu, ó gbé ọmọ tó ń ké náà sí èjìká, ó sì gbé e wọlé.

Àgbàdo tuntun ni. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e kúrò lórí iná ni. Ṣùgbọ́n mi ò pè é padà. Bó bá jẹ́ èmi ni Ràbíátù, mi ò ní jẹ́ kó jẹ ẹ́.